Ìkéde fún Ẹgbẹ́ Onílé: Òjò Yìnyín, Òrùlé àti Sólà

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa l'Ádó-Èkìtì, ẹ kú ojú ọjọ́ o. Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ìjì sì lè gbé yìnyín wá pẹ̀lú rẹ̀. Ìpàdé wa lórí rẹ̀ ni Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ilé alága.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti pe káfíńtà wá wo òrùlé yín ṣáájú. Ìṣó tó ti yọrí àti páànù tó ti dípẹtà ni ìjì kọ́kọ́ ń ká. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó na sórí ilé.

Ẹ̀yin onísólà, ọ̀rọ̀ tiyín ló jẹ mí lógún jù. Irú panel tó ní àmì IEC 61215 (ìlànà àgbáyé fún ìdánwò panel sólà) lẹ́yìn ti kọjá ìdánwò yìnyín oní mílímítà 25. Bí gíláàsì bá sán, kódà kó tín-ín-rín bí irun, omi á wọlé, iná sì lè gbé ènìyàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí oòrùn bá ti ń ràn, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ sólà ni kí ẹ pè. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun òrùlé lọ bo panel nígbà tí òjò bá ti ṣú o, mo bẹ̀ yín.

Ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀: ta ló ń bọ̀, ta ló nílò káfíńtà? Bí a bá jọ pè é, owó rẹ̀ á fúyẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́