Ilé Àlejò Létí Igbó Ẹranko: Kí Àwọn Ará Abúlé Kọ́kọ́ Jàǹfààní Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé àlejò tí wọ́n ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ẹranko, tí àwọn tó ni wọ́n ń polówó pé àwọn kì í ba igbó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Kwara, nítorí pé lára igbó Kainji, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ di ọgbà ẹranko ní ọdún 1979, wà ní ìpínlẹ̀ wa lápá Kaiama.

Nígbà tí mo lọ sí Ghana, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo dé sí létí igbó Mole, èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, bíi ti mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà ní Larabanga nítòsí ibẹ̀, ó sì nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í ráyè wọlé. Iná sólà ni wọ́n ń lò, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sí, omi tí a bá sì fi wẹ̀ tán ń ṣàn lọ sídìí ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé. Ní òwúrọ̀, olùṣọ́ igbó kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká fẹsẹ̀ rìn ṣáájú wa lọ síbi tí àwọn erin ti ń mumi. Ó mú wa dúró síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn wa lọ bá wọn, a sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́jà fọ́n omi sí ẹ̀yìn ara wọn.

Síbẹ̀, abúlé Mognori tó wà létí igbó náà ló wú mi lórí jù. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ń gba àlejò sílé, àwọn ló ń wa ọkọ̀ fún wọn lórí odò, àwọn obìnrin wọn sì ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí hàn wọ́n. Ẹni tó ń ti ara àlejò rí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn pa erin tí àlejò ń bọ̀ wá wò. Àwọn Maasai tó wà ní Il Ngwesi ní Kenya tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ní ilé àlejò tiwọn lórí ilẹ̀ wọn. Mo ti dé ibòmíràn tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò igbó gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àwo fífọ̀ nìkan ni iṣẹ́ tí ọmọ abúlé rí ṣe níbẹ̀.

Kainji kì í ṣe igbó kékeré rárá. Ó fẹ̀ tó 5,340 kìlómítà níbùú lóròó, erinmi wà nínú odò Oli, ó sì wà lára ìwọ̀nba ibi tí kìnnìún ṣẹ́kù sí ní Nàìjíríà. Òfin kò gba àwọn tó yí i ká láyè láti dẹ ẹ́ tàbí láti dáko nínú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan mìíràn jẹ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn ló gba iwájú lápá ibẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí àlejò lọ sùn níbi tí ọkàn rẹ̀ kò ti ní balẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kò nílò kó dúró de àlejò. Mo bẹ ìjọba Kwara àti àwọn tó ń ṣàkóso ọgbà náà pé, kí wọ́n tó fa ilẹ̀ lé oníṣòwò kankan lọ́wọ́, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn baálẹ̀ agbègbè náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iye tí yóò máa kan abúlé nínú owó tó bá wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé láti àwọn abúlé náà ni wọn yóò ti mú olùṣọ́ igbó, amọ̀nà àti alásè, àti pé ọwọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa ra òrí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Ìlọrin.