Owó alájẹṣẹ́kù, àti ìwé tí Ìyá àgbà máa tẹ̀ka sí

Canterbury,
Ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá àgbà. Ara mi le. Mo ti gbọ́ fọ́ìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òótọ́ ni, oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò ti sọ nǹkan kan lórí owó alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin lẹ sì dúró fún mi. Mo fi 150,000 náírà sí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Ìyókù ń bọ̀.

Ẹ ní kí n wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ìjọba ibí gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Bí mo bá kọjá ẹ̀, físà lè bọ́. Wákàtí yẹn náà ni mo fi ń wẹ àwọn arúgbó, tí mo ń pààrọ̀ ìlédìí wọn. Ẹ má sọ fún Ìyá àgbà.

Èyí tó dùn mí ni pé ẹ sọ lójú ará ilé pé "ìmọ̀ wèrè òṣèlú" ni mo ń fi owó yín kọ́. Kì í ṣe ìmọ̀ wèrè, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń di káńsẹ́lọ̀. Bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ọkàn èèyàn, Henri Tajfel, Júù ọmọ Poland tí ogun Hitler pa ẹbí ẹ̀ run, pín àwọn ọmọkùnrin ọdún 14 sí 15 sí ọ̀nà méjì ní Bristol. Ó ní àwòrán tí wọ́n fẹ́ràn ni òun fi pín wọn. Irọ́ ni, ó kàn pín wọn ṣáá ni. Ó wá ní kí wọ́n pín owó táṣẹ́rẹ́ fún àwọn yòókù láìmọ ẹni tí wọ́n ń fún. Bọ̀dá mi, wọ́n gbà kí owó ti apá tiwọn dín kù, bí ti apá kejì bá ṣáà ti kéré sí i! Ní 1970 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ló fi yàtọ̀ sí agboolé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ní 1965, tí ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ àti Ọlọ́pẹ ń jà, tí Akíntọ́lá, olórí Dẹ́mọ àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, sì jẹ́ ọmọ wa, ta nínú wa ló jẹ nínú owó ìjọba n'Ìbàdàn? Síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn, Bàbá àgbà ò mu omi nílé àbúrò ẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti ń kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé?

Ìyàwó tuntun ni Ìyá àgbà lọ́dún yẹn. Ohun tó rí ni mo fẹ́ fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ìwé kan ń bọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ gbé e lọ sí Under G, kí àwọn ọmọ tó ń tẹ pròjẹ́ẹ̀tì bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ kà á fún un. Bó bá gbà, kó tẹ̀ka sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láìsí ìka yẹn, ilé-ìwé ò ní jẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ ìyá tó tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo bá wá pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ.

Ẹ yọ owó ìtẹ̀wé nínú 150,000 yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ó kúkú kọ ọ́ mọ́ gbèsè mi.

Àbúrò yín,
Ṣínà