Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi

Màmá Tóbi mi,

Báwo ni gbogbo yín ní Kánádà, ṣé ara ń gba òtútù yẹn? Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sọ́ńdè nípa yìnyín àti ṣíìfù alẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ìgbà tó o wá ń sunkún níparí ẹ̀, èmi náà sunkún. Mi ò fẹ́ fi fọ́ìsì nóòtì fèsì torí tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àròyé la máa fi mọ́jú, ìwọ a ṣe tìẹ, èmi a ṣe tèmi, tílẹ̀ bá wá mọ́ kò sóhun tó yàtọ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tá a ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

O rántí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Àdó? Ọdún mẹ́rin lomi ẹ̀ fi ń wọlé bá mi. Tójò bá ti ṣú, màá kó aṣọ oníbàárà sórí tábìlì, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa bú ìjọba, màá bú àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Lóṣù June ló wá ba aṣọ òkè ìyàwó kan jẹ́, àwọ̀ wáìnì ẹ̀ ṣàn sára lésì funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, èmi ni mo san owó ẹ̀. Mo sunkún délé. Màmá mi ò bẹ̀ mí, wọ́n kàn ní, "Kí Omíyalé tó dé ní 1980, gbogbo wa tá à ń gbé l'Ágbẹni la rí i pé ìdọ̀tí ti dí odò Ògùnpa, gbogbo wa la dẹ̀ ń sọ ọ́." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ̀ pé àwọn tó bómi lọ lọ́jọ́ 31 oṣù August yẹn ò kéré.

Mi ò sùn dáadáa. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn o! Ní Sátidé, mo pe fọkanáísà, mo pe ìyá ẹlẹ́wà, a dá 2,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, a fi gba ọmọkùnrin méjì kún ara wa. Abẹ́ síláàbù ni fóòmù bẹ́ẹ̀dì kan há sí, odindi, tí náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà lẹ̀ mọ́ ọn bí ewé móínmóín, ìgbà tí wọ́n fà á jáde lomi dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo dúró mò ń wò ó. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin látìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

Tiná ní tiẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o. Látìgbà tí wọ́n ti fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A ní April 2024, tí wọ́n ní káwọn yẹn máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, àdúgbò wa ò sí níbẹ̀, a kọ lẹ́tà, a lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Mo wá gbé maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ màmá mi jáde, mo ra bẹ́líìtì tuntun sí i, mo padà sídìí àyọ́ọ̀nù eléèédú, wíífìn nìkan ni mò ń dúró de iná fún. Kò dùn mọ́ mi o, àmọ́ mi ò bá a jà mọ́.

Yìnyín tìẹ, bí iná tèmi ló rí, ra bàtà tó nípọn. Ṣùgbọ́n ṣíìfù alẹ́ tí wọ́n ń fún ẹ láti oṣù kẹjọ yìí, ṣé o ti sọ fún màníjà ẹ rí pé o lọ́mọ kékeré nílé? Èmi lò ń sọ fún, n'Íbàdàn níbí. Lọ bá a. Tó bá ní rárá, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ bóyá kó o fara dà á títí wàá fi parí kọ́ọ̀sì ẹ ni o, àbí kó o wá ibòmíràn. Ti màmá ẹ tó kú tó ò lè wá sìn yàtọ̀ ṣá o, ìyẹn kì í ṣe àròyé, pè mí nígbàkígbà ká jọ sunkún ẹ̀.

Bá màníjà ẹ sọ̀rọ̀ kó tó di Fúráìdè, jọ̀ọ́. Mo ti gé àǹkárá ẹ, fi ìwọ̀n àyà àti ìdí ẹ ránṣẹ́ torí o ní o ti rù, ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ á bá mi mú un bọ̀. Bá mi gbé Tóbi mọ́ra.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì