Ẹ kọ orúkọ Òkè-Ìlá sínú òfin iléèwé dókítà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mí, Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí àwọn aṣòfin wa bá tún fẹ́ fi òfin dá iléèwé dókítà sílẹ̀ ní agbègbè tí dókítà ti wọ́n bí ojú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà gan-an pé ọmọ agbègbè yẹn ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àti pé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa kọ́ṣẹ́. Láìsí ìyẹn, pátákó ẹnu géètì lásán ni wọ́n dá sílẹ̀.

Òfin tó ń dá iléèwé dókítà sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ní Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990, a ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Lọ́dún 1991 a gba ìpínlẹ̀ tiwa, iléèwé náà wá di ti bàbá méjì, ẹ̀ka ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo níbí. Ẹ mọ bí ọmọ bàbá méjì ṣe ń rí tí owó iléèwé bá délẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìlú yìí nígbà náà á rántí àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n fi ọdún mẹ́fà jáde, tí ọdún mẹ́jọ kọjá tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀, lórí ìyanṣẹ́lódì yìí àti ìyẹn. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pínyà: Ọ̀yọ́ mú Ògbómọ̀ṣọ́, àwa mú ti Òṣogbo, ó sì bọ́ sábẹ́ UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, tí òun náà ti wà láti ọdún 2006. Ifẹ̀ ní tirẹ̀ látijọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà ti wá fi yunifásítì ìmọ̀ ìlera sí Ìlá Ọ̀ràngún. Ti Ìlá yìí dùn mọ́ mi nínú, ẹni tó bá mọ bí apá ibẹ̀ ṣe jìnnà sí dókítà á bá mi yọ̀.

Àmọ́ mo ń yọ̀, mo ń ṣọ́ra. Iléèwé lè wà ní Ìlá kó jẹ́ pé láti Èkó, Ìbàdàn àti Abuja ni gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ti wá. Wọ́n á lo ọdún mẹ́fà, wọ́n á lo ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá, wọ́n á ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n á sì jápa. Lọ́dún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún sí méje. Èmi kò bú wọn. Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan tó jìnnà sí Ìkìrun, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, aboyún kan bí, ọmọ ń ké dáadáa, ṣùgbọ́n ibi kọ̀, kò bọ́. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, mo fi omi sí i lára, mo ń fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Dókítà ló yẹ kó fọwọ́ yọ ibi náà nínú tíátà. Èyí tó ń yẹ̀ wá wò tẹ́lẹ̀ ti gba ìwé pé kó ṣí lọ sí ìlú ńlá, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ẹni tó ń ra kòkó la fi gbé e. Wọ́n já àpò méjì sílẹ̀ kí ó lè ráyè nà sílẹ̀. Ọwọ́ mi kan wà lórí ikùn rẹ̀, mo fi ìkejì na ìgò omi sókè, gbogbo gálọ́ọ̀pù ló ń jù wá sọ́tùn-ún sósì. Obìnrin yẹn yè. Mo mọ àwọn tí kò yè.

Ọmọkùnrin tó ń gbé fìtílà fún mi lóru náà, ọmọ kátíkíìsì ni. Ó mọ̀wé bí iwin, dókítà ló sì wù ú láti ṣe. Iléèwé wọn kò ní olùkọ́ kẹ́mísírì. Pákó ló ń tà báyìí. Ta ló fẹ́ bá ọmọ Èkó tó ń gba lẹ́sìnnì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ du àmì JAMB?

Ìdí nìyí tí ti Philippines fi wù mí jù. Lọ́dún 1976, yunifásítì ìjọba wọn dá iléèwé ìmọ̀ ìlera kan sílẹ̀ ní erékùṣù Leyte, nítorí àwọn ìgbèríko tí kò rí dókítà. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń yan ọmọ tí wọ́n á rán lọ. Ọmọ náà á kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, á padà wálé wá ṣe é. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n á tún rán an padà, á di nọ́ọ̀sì. Bó bá tún yege, á di dókítà. Ó sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà wá sin ìlú. Agbẹ̀bí tó di dókítà, ẹ gbọ́ o! Níbi tiwa, bí agbẹ̀bí bá ní òun fẹ́ di dókítà, àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n á ní kó lọ jókòó sí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò rí ẹ̀jẹ̀ rí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà gbà wá nímọ̀ràn lọ́dún 2010 pé kí á máa gba ọmọ ìgbèríko sí iléèwé ìṣègùn, kí á sì máa kọ́ wọn níṣẹ́ ní ìgbèríko, torí pé irú wọn ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n dúró síbẹ̀.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ kí wọ́n sọ dókítà di ayédèrú. Rárá o. Ìdánwò tí ọmọ Ìbàdàn ń ṣe kó tó gbàwé ẹ̀rí ni kí ọmọ Òkè-Ìlá, ìlú tó wà nítòsí Ìlá Ọ̀ràngún, náà ṣe, kí MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ iṣẹ́, má dín ẹyọ kan kù níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni kí wọ́n fẹ̀, kí iléèwé sì fi ọdún kan kọ́ wọn ní kẹ́mísírì tí ìjọba kò kọ́ wọn.

Ti owó, kí òfin dárúkọ ẹni tí yóò máa san án, àti ilé ìwòsàn tí yóò máa gbà á. LAUTECH ti kọ́ wa tó.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn aṣòfin wa pé bí irú àbá òfin bẹ́ẹ̀ bá dé ìjókòó gbọ́tẹnu aráàlú, kí wọ́n má ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo níbí. Kí wọ́n gbé e lọ sí Òkè-Ìlá tàbí Òtan Ayégbajú, kí wọ́n pe àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Èmi náà á wá. Kí wọ́n ṣáà tètè fi ọjọ́ síta, torí orúnkún mi kì í fẹ́ ìrìn pàjáwìrì mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Agbẹ̀bí,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.