Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O bi mí lórí fóònù lálẹ́ àná pé nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti fífi alùpùpù gbé ọjà fún oníbàárà, èwo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèríko dé kọ́kọ́ dì mú. Kí n má purọ́ fún ọ, èmi kò yan iṣẹ́ kankan nígbà tí mo dé. Ẹni tí ó wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ń po sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ni mo sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó ju bàtà rẹ̀ àtijọ́ kan sí mi, èyí tí sìmẹ́ǹtì ti gan mọ́ ní gìgísẹ̀. Bí mo ṣe di lébìrà fún ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ní 1970, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, John Harris àti Michael Todaro, ṣàlàyé pé kì í ṣe iye owó tí wọ́n ń san ní ìlú nìkan ni aṣíkiri ń wò, bí kò ṣe bí ó ti ṣeé ṣe tó pé òun yóò rí iṣẹ́ náà gbà. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ráyè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò mọ ibi tí yóò sùn? Iṣẹ́ tí ibùsùn bá wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé ènìyàn.

Lẹ́yìn ibùsùn, ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ ló kù. Kọngílá kan jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta rí, a kò sì lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá lọ ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Owó ojúmọ́ lè kéré, ṣùgbọ́n kì í so ènìyàn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ṣáínà, níbi tí iye àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ìgbèríko wá ti ń lọ sí 300 mílíọ̀nù, nǹkan bí 22 nínú 100 wọn ló wà nídìí ilé kíkọ́ ní 2013. Nígbà tí yóò fi di 2023, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 15. Ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọmọ tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ṣe tẹ̀ kò ní yá sí bíríkì gbígbé.

Nítorí náà, wá sùn lọ́dọ̀ mi fún oṣù kan, má sì tẹ̀lé mi lọ síbi iṣẹ́. Lọ bá àwọn tí kò mọ̀ wá rí, kí o bi wọ́n pé ta ló ń sanwó, ọjọ́ wo ló ń san án, àti pé kí ni àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá ń ṣe báyìí. Mo ti gbé bàtà yẹn sọnù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.