Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo fẹ́ fi ojú ìwé yín bá àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òṣogbo sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń dupò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lásìkò ìbò, kò sí ohun tí wọn kì í ṣèlérí pé àwọn á jà fún: owó ilé-ìwé, iná, omi, títì, ìwà jẹgúdújẹrá l'Ábújá, ogun tó ń lọ lókè òkun. Sáà á parí, ọ̀kan ṣoṣo kò ní yanjú. Kì í ṣe pé wọn ò láyà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé ni kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè kàn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ní gbígbé ni èyí tẹ́ ẹ lè dárúkọ ẹni tó lágbára láti ṣe é, tẹ́ ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á sì lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó ti ṣe é tàbí kò tíì ṣe é. Lọ́dún 1960, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn wọ́de lórí àdéhùn ológun tí Nàìjíríà bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ìwé kan péré ni wọ́n ní kí ìjọba Tafawa Balewa fagi lé. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1962, wọ́n ti fagi lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú odò Ọ̀ṣun, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ Òṣogbo jù ú lọ. Láti 2005 ni Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Omi ọ̀hún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lẹ́kùn Ìjẹ̀ṣà. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ojo. Òjé tó wà nínú òkúta góòlù ló pa ju ọmọdé 400 lọ ní Zamfara lọ́dún 2010.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á kó pátákó lọ sí ọ́fíìsì gómìnà, wọ́n á ní kó gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn awakùsà. Gómìnà á ní òun kò láṣẹ, òótọ́ ló sì máa sọ, nítorí òfin ìwakùsà ti 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ́fíìsì Mining Cadastre l'Ábújá ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Ohun tó wà níkàáwọ́ ìpínlẹ̀ yàtọ̀: kí wọ́n máa yẹ omi odò wò lóṣooṣù, kí wọ́n máa lẹ èsì rẹ̀ síta, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga fáwọn abúlé tó ń pọn omi odò. Gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé dání nìyẹn: "Ẹ máa yẹ omi Ọ̀ṣun wò lóṣooṣù, ẹ sì máa lẹ èsì síta." Bó bá pé oṣù kan tí kò sí ìwé lára ògiri, gbogbo ayé á rí i.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísírì lè fi ẹ̀rí ti gbólóhùn yẹn lẹ́yìn, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ yan ibi mẹ́ta: ọ̀kan lókè kí odò tó wọ ìlú, ọ̀kan láàárín ìlú, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìgò méjì ní ibì kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́rin lọ́dún, méjì lójò, méjì lẹ́ẹ̀rùn. Ìyẹn jẹ́ ìgò 24. Ẹ fi ìgò kan tí omi mímọ́ ilé àyẹ̀wò (distilled water), tí kò ní nǹkan kan nínú, wà nínú rẹ̀ kún ti ìrìn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ìgò yín gan-an ló dọ̀tí. Ó di 28. Bí ilé àyẹ̀wò bá ń gbowó lórí irin kọ̀ọ̀kan, òjé, mákúrì àti asẹ́níìkì yóò jẹ́ àyẹ̀wò 84, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Ìgò dígí ni kẹ́ ẹ fi bu ti mákúrì. Ẹ kọ ẹnu ìgò sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ọwọ́ yín wọ omi tó ìgbọ̀nwọ́, ẹ má sì tẹ ilẹ̀ odò. Irin máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ru ẹrẹ̀ sókè, òjé tó pọ̀ jù lẹ máa rí, onímọ̀ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ìjọba á sì fọ́ gbogbo iṣẹ́ yín túútúú. Onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò ni kó bá yín fi àsíìdì sínú ìgò tẹ́ ẹ bu fún àyẹ̀wò irin, nǹkan bíi mílílítà 2 sí lítà kan. Tó bá jẹ́ kòkòrò àrùn lẹ ń wá, ìgò mìíràn tí wọ́n ti sè, láìsí àsíìdì, nínú yìnyín, kó dé ilé àyẹ̀wò láàárín wákàtí 6. Tó bá ti kọjá 24, ẹ dà á nù. Àjọ ìlera àgbáyé ní òjé inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju mákírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Òṣùwọ̀n tí ẹ ó fi èsì yín wé nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Etí odò nítòsí afárá ti tó. Bó bá sì jẹ́ inú Igbó Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ààfin Àtáọ́ja àti ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó ohun àjogúnbá. Kò yẹ ká máa gbèjà odò ká sì rú èèwọ̀ rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ síta rárá, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 kò ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fòpin sí ìyẹn lọ́dún 2025. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà lé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ̀dà tí kò lóǹtẹ̀, kò sí ẹni tó máa kà á sí.

Bí odò bá tóbi jù fún ẹgbẹ́ yín, iṣẹ́ kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé yín tí kò tó nǹkan lójú, àmọ́ tó ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún gbogbo ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fáwọn akanda ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹ mú téèpù: bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ á gbà gbọ́dọ̀ gùn tó 180, àtẹ̀gùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀, 540. Èyí tó bá kúrú jù ú lọ lè yí kẹ̀kẹ́ dànù. Ẹ wọn gbogbo gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ gba iye owó lọ́wọ́ bíríkìlà méjì, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí gíwá. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti ṣẹ́gun ju èyí lọ nínú ọgbà ilé-ìwé.

Olóṣèlú tó bá gbé bọ́ọ̀sì àti fìlà wá, ẹ dá a padà. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá gbé yín ni ọ̀rọ̀ yín ti di tirẹ̀. Ẹ máa lẹ ìṣirò owó síta ní gbogbo Jímọ̀. Orúkọ 300 pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ẹ̀ka wúlò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbuwọ́lù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sẹ́ni tó mọ oní wọn. Bó bá di ìwọ́de, ẹ fi lẹ́tà tó ọlọ́pàá létí. Ẹ ò tọrọ àyè o. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ní 2007 sọ pé kò pọn dandan ká gbàṣẹ, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ní kí wọ́n dáàbò bo àwọn tó ń wọ́de.

Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó wà nínú sáà. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ parí kí ìdánwò tó dé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré lẹ ní. Ẹ fi ìwé gbogbo, èsì àyẹ̀wò, ẹ̀dà lẹ́tà àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, sínú fáìlì kan tí akọ̀wé ẹ̀ka á tọ́jú, kì í ṣe inú fóònù ààrẹ ẹgbẹ́. Ààrẹ á gboyè jáde lọ, fóònù rẹ̀ á sì bá a lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo