Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ wọ yunifásítì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kú oríire o. Gbogbo ẹni tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lásìkò yìí ni yóò máa sọ pé kí o gbájú mọ́ ìwé rẹ, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé wákàtí tí o máa lò níta kíláàsì pọ̀ ju èyí tí o máa lò nínú rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ wákàtí yẹn, pàápàá èyí tí o máa fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ní ọdún 1984, Alexander Astin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì California tó wà ní Los Angeles, ṣe àlàyé kan tí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lò títí di òní. Ó ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe fi ara àti ọkàn sí ohun tó ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ló kà mọ́ ọn o. Ìwé kíkà wà níbẹ̀, bíbá olùkọ́ sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń pẹ́ tó nínú ọgbà. Ìwádìí tó ti kọ́kọ́ ṣe lórí àwọn tó ń já ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fi hàn pé gbígbé inú ọgbà ń mú kí èèyàn dúró parí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ aláàbọ̀-ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà. Iṣẹ́ gbogbo-ọjọ́ níta ọgbà ló ń fà wọ́n kúrò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ń pàdé akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lójoojúmọ́ kó tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe ka iye ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ wà nínú ìwé wọn. Ẹgbẹ́ kan tí o ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ dáadáa sàn ju mẹ́fà tí o kàn ń yọjú sí lọ.

Jẹ́ ká ṣírò ọ̀sẹ̀ rẹ. Wákàtí 168 ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ń sun wákàtí mẹ́jọ lóru, 56 ti lọ, ó ku 112. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo yúníìtì láti fi wọn bí kọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n sábà ń fọkàn sí ni pé yúníìtì kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì àti méjì níta rẹ̀ lọ́sẹ̀. Yúníìtì 15 túmọ̀ sí wákàtí 45, ó ku 67. Yọ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀ àti ìrìn, ó ku 39. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àbí? Yọ ti iṣẹ́ owó bí o bá ní, ti ìjọsìn, ti ọ̀rẹ́, àti ti ọjọ́ tí ara kò bá yá. Lójú tèmi, wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ ló yẹ kí o fún ẹgbẹ́ ní sáà àkọ́kọ́. Nígbà tí o bá di akọ̀wé tàbí akápò, ó lè di mẹ́wàá. Má ṣe jẹ́ kó kọjá ibẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ni kí o yàn. Kí ọ̀kan jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ, torí ibẹ̀ ni o ti máa rí àwọn tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà kọjá àti olùkọ́ tó máa mọ orúkọ rẹ. Kí èkejì má jẹ mọ́ ọn rárá: orin, eré ìdárayá, àríyànjiyàn, ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ àánú, èyí tó bá wù ọ́. Astin náà ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rì sínú ohun kan ṣoṣo, yálà ìwé ni o tàbí eré ìdárayá, máa ń jìnnà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bá pàtẹ láti gba ọmọ tuntun, o lè kọ orúkọ sílẹ̀ níbi tó wù ọ́, àmọ́ má tíì san owó kankan. Lọ sí ìpàdé méjì ná, kí o máa wò. Ṣé wọ́n bẹ̀rẹ̀ lásìkò? Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ṣé ẹnì kankan ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀? Béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́, kí o sì béèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí owó ní báńkì. Ẹgbẹ́ tó bá létò kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní kí o búra, kí o pa àṣírí mọ́, kí wọ́n lù ọ́ tàbí kí o mu ọtí kí wọ́n tó gbà ọ́, dìde níbẹ̀, má ṣe dúró gbọ́ àlàyé. Sọ fún ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ.

Bí o bá ti wọlé, má ṣe wí pé "kí ni mo lè ṣe?" Àwọn aṣáájú kì í ní ìdáhùn sí i, wọ́n á ní kí o máa bọ̀, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Dárúkọ iṣẹ́ kékeré kan àti ọjọ́ tí o máa parí rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tuntun ni kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí iṣẹ́ tó ń tètè fi inú ẹgbẹ́ han èèyàn tó o. Kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó wá. Má ṣe kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ: kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, ẹni tó máa ṣe é, àti ọjọ́ tó máa parí. Fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó tó pé ọjọ́ méjì, nítorí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta, ìwọ ni wọn yóò máa bi pé ibo ni a dé.

Bí wọ́n bá fún ọ ní ètò láti ṣe, ọjọ́ ètò ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí o máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, wo kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ kí ó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí o sì kọ lẹ́tà tí ẹ máa fi tọrọ gbọ̀ngàn. Lẹ́tà yìí ló ń ba ètò jẹ́ jù, nítorí ó sábà máa ń nílò ọwọ́ olùkọ́ tó jẹ́ olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́, olùkọ́ náà sì lè rìnrìn àjò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí olùbánisọ̀rọ̀ ti jẹ́ hẹn, kí o sì ti ní ẹlòmíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, polongo. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, rán wọn létí. Nínú àwọn tó ní àwọn ń bọ̀, ìdajì ni kí o máa retí, torí náà gbọ̀ngàn kékeré ni kí o gbà. Ọgọ́ta èèyàn nínú yàrá tó kún ń gbádùn ọ̀rọ̀ ju ọgọ́ta tó fọ́nká sínú gbọ̀ngàn tó gba irínwó. Lọ́jọ́ náà, dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù fúnra rẹ. So kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, torí ojú wáyà wọn kì í sábà bára mu.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí àpò owó wà ní báńkì, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i. Ẹni tó ra nǹkan kọ́ ni kí ó fọwọ́ sí rìsíìtì rẹ̀.

Ohun tó ń fa máàkì wálẹ̀ kì í sábà jẹ́ wákàtí tí ẹgbẹ́ ń gbà. Iṣẹ́ mẹ́ta tó pé lọ́sẹ̀ kan náà ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, kó ọjọ́ gbogbo àsáìmẹ́ńtì àti ìdánwò sórí kàlẹ́ńdà kan, kí o fi yíǹkì pupa yí ọ̀sẹ̀ tó bá kún ká, kí o sì sọ fún ẹgbẹ́ nígbà náà pé wọn kò ní rí ọ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹni tó sọ tẹ́lẹ̀ kì í gba ẹ̀bi. Ẹni tó bá ń pa fóònù lálẹ́ ètò ni kò ní rẹ́ni fọkàn tán an mọ́.

Bí ilé tí o ń gbé bá jìnnà sí ọgbà, ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé lọ́sàn-án ni kí o wá. Lo wákàtí tó ń bẹ láàárín kíláàsì kan sí òmíràn, kí o sì lọ rí olùkọ́ kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí. Kọ ìbéèrè méjì sórí ìwé kí o tó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, o ò ní jẹ́ àlejò sí i mọ́.

Bí sáà iṣẹ́ rẹ bá ku oṣù méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kọ nọ́ńbà àwọn tí ẹgbẹ́ ń bá ṣe, ọ̀rọ̀ aṣínà ìmeèlì, ọjọ́ tí wọ́n ń gba lẹ́tà gbọ̀ngàn, àti ohun tí ẹ dán wò tí kò yọrí sí rere. Ẹgbẹ́ máa ń pẹ́ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ: Cambridge Union, ẹgbẹ́ aríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ England, ti wà láti ọdún 1815, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í lò ju bí ọdún mẹ́ta lọ kí wọ́n tó gboyè. Bí ẹgbẹ́ kò bá sì tún bá ọ lára mu mọ́, sọ ọ́ lójú wọn, dá ohun ìní wọn padà, kí o tó fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé àkókò kíláàsì sáà àkọ́kọ́ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wá àwọn ọ̀sẹ̀ pupa yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ